Keyer Morse àtijọ́ tó dákẹ́: páàtì rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá gbé keyer Morse àtijọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Ìlewó, tó ní òun ń wá páàtì rẹ̀, á ṣàlàyé títí ẹnu á fi gbẹ. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò rí irú ẹ̀ rí. Á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á ní, “Bàbá, èyí ò sí lọ́jà mọ́ o.” Kò purọ́, nítorí keyer gan-an ni kò sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó bà jẹ́ nínú keyer yẹn lè wà nínú dúrọ́wà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Orúkọ tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ ni kò jẹ́ kó yọjú.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan gbogbo ayé. Ó kan àwọn tí wọ́n ń pè ní ham, ìyẹn àwọn tí àjọ NCC fún níwèé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé láìjẹ́ pé wọ́n ń fi pa owó. Ní Nàìjíríà, 5N ni orúkọ ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NARS. Ó tún kan àwọn ọmọ tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè, ní P&T, ní ẹ̀ka Signals àwọn ológun, tàbí nínú ọkọ̀ òkun. Bí bàbá bá ti papò dà, tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, wọ́n á bá nǹkan onídẹ kan nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́mọlanke tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á san owó idẹ, ó parí nìyẹn. Nǹkan tí súkúrúù kan ṣoṣo ń dà láàmú lè ṣe bẹ́ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí Morse. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ọdún 1901 sì ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Wáyà tẹ́lígíráàfù ló ń bá ojú irin rìn. Àwọn àgbàlagbà á rántí ìgbà tí wọ́n ń lọ sí pósọ́fíìsì láti “lu wáyà” sí ọmọ tó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò pé ara bàbá ò yá, kó tètè máa bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń kọjá ní Laderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, kò nílò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Láfẹ́nwá ti àtijọ́ ò lè rìn láìsí wáyà.

Ohun tí Morse jẹ́ kò le. Àmì méjì péré ló ní, èyí tó kúrú àti èyí tó gùn. Èyí tó gùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó kúrú, láìdín, láìlé. Kúkúrú kan ni E, gígùn kan ni T, kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta ni SOS tí gbogbo ènìyàn mọ̀. (Àwọn kan máa ń fi í wé dùndún. Wọn ò jọra rárá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Morse kò mọ ohùn, gígùn àti kúkúrú nìkan ló mọ̀.)

Kíì ni irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wà rọrùn: ẹ tẹ̀ ẹ́, irin méjì á kan ara wọn, iná á kọjá, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, sípíríǹgì á gbé e padà sókè. Ọwọ́ á máa ro àwọn òṣìṣẹ́ wáyà débi pé ọ̀gbẹ́ni Horace Martin ní Amẹ́ríkà fi ṣe kíì míì ní nǹkan bí 1904, èyí tí wọ́n wá ń tà lórúkọ Vibroplex, tó ń fi irin tó ń gbọ̀n ṣe àwọn àmì kúkúrú fúnra rẹ̀. Ìgbà tó yá ni keyer dé. Ìyẹn ń lo iná. Paddle méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ti ọ̀kan, àmì kúkúrú á máa jáde. Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ ti èkejì, àmì gígùn á máa jáde. Keyer fúnra rẹ̀ ló ń ka àkókò. Bí ènìyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan, tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, àmì kúkúrú kan ò gbà ju 60 lọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí páàtì kékeré kan bá yẹ̀ nínú keyer, ọ̀rọ̀ á dàrú.

Ṣé àwọn ènìyàn ṣì ń lò ó ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2003, àjọ ITU yọ Morse kúrò nínú ohun tó pọn dandan kí ènìyàn tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe fẹ́. Amẹ́ríkà yọ tiwọn ní 2007. Kò pa Morse. Ohùn ènìyàn lórí rédíò ham máa ń gba àyè tó hertz 2,400 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Morse kì í gba tó 200. Ìyẹn ni pé ìwọ̀nba agbára tí ẹ ní á kórí jọ síbi kan, á sì la ariwo kọjá. Wáàtì 5 péré lè gbé ọ̀rọ̀ yín kọjá òkun nígbà tí ojú ọ̀run bá dára. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí iná kì í sábà wà, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń pariwo nínú rédíò rẹ̀, á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bátìrì fóòtì 12 kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré ti tó o.

Ó kù ká wá páàtì. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wá a gbọ́dọ̀ gbàgbé ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ “páàtì keyer” lọ́jà, kò sì sí rí ní Abẹ́òkúta. Súkúrúù ló wà. Sípíríǹgì ló wà. Kàpásítọ̀, tíráńsísítọ̀, IC. Ẹ sọ ohun tí ó jẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ má sọ ibi tó ti wá.

Súkúrúù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Kíì tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó pọ̀ jù ní pósọ́fíìsì àti Rélùwéè ayé ìjọba amúnisìn, eyín súkúrúù tí wọ́n ń pè ní BA ni wọ́n ń lò. Eyín yẹn kì í ṣe ti mílímítà tó kún ọjà báyìí. Súkúrúù 6BA fẹ̀ ní mílímítà 2.8, M3 sì fẹ̀ ní 3.0. Lójú, wọ́n jọra. Ẹni tí kò mọ̀ á mú M3, á fi tipátipá wé e wọ inú ihò, idẹ tó rọ̀ á sì gbà á fún un. Ìgbà tó bá yọ ọ́ ló máa rí i pé eyín inú ihò ti jẹ tán. Kíì tó kàn sọ súkúrúù kan nù wá di kíì tó bà jẹ́ pátápátá.

Ibo wá ni wọ́n ti máa rí BA? Nínú ilé àtijọ́. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó lọ sí mílímítà, súkúrúù 4BA ni wọ́n fi ń di ìdérí súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá ń wó ilé ọdún 1950 sí 1960 kan ní Ìbarà tàbí Ìtọ̀kú, tí wọ́n ń da súwíìṣì dúdú àtijọ́ sílẹ̀, ẹ bẹ oníṣẹ́ kó fún yín ní súkúrúù rẹ̀. Ó fẹ̀ ní mílímítà 3.6. Ẹ má rò pé gbogbo ihò kíì ló gba 4BA. Ẹ fi kálípà wọn èyí tó kù kí ẹ tó jáde nílé.

Ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn ló ń lo súkúrúù 6-32, ìyẹn ni pé eyín 32 ló wà nínú ìnṣì kan. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Ìlewó ń dà á nù lójoojúmọ́ láìmọ̀: òun náà ni wọ́n fi ń di ìdérí kọ̀ǹpútà onítábìlì. Kọ̀ǹpútà kan tó ti kú, ẹ máa rí bíi mẹ́jọ níbẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó wọlé rárá, ẹ lọ bá àwọn tó ń fi léètì gbẹ́ irin. Wọ́n lè gbẹ́ súkúrúù idẹ kan tó bá ihò mu, ó sì sàn ju kí wọ́n fẹ ihò lójú lọ.

Sípíríǹgì inú bíírò dára fún paddle tó nílò ọwọ́ fúyẹ́. Ó ti rọ̀ jù fún kíì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ yẹ inú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé, tàbí rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti bà jẹ́. Oríṣiríṣi sípíríǹgì ló wà nínú wọn. Ẹ má gé e kúrú kí ẹ tó dán an wò.

Ojú ibi tí irin méjì ti ń kan ara wọn, fàdákà ló máa ń wà níbẹ̀. Ó máa ń dúdú, pàápàá ní ìgbà òjò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n mú sáńpépà fá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Fàdákà náà fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fá a ní ẹ̀ẹ̀mẹta, idẹ ló kù. Ẹ ki bébà funfun kan bọ àárín rẹ̀, ẹ tẹ kíì mọ́ ọn jẹ́jẹ́, ẹ fà á jáde, ẹ tún un ṣe títí bébà á fi jáde láìdúdú. Ó tó. Bí fàdákà bá ti jẹ tán pátápátá, ẹ wá sìtábíláísà tàbí ẹ̀rọ ínfátà tó ti jóná, ẹ tú rìléè inú rẹ̀. Ojú fàdákà wà nínú rẹ̀, ó sì tóbi dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù tí wọ́n bá gbé e lọ bá mọ̀. Fàdákà inú ọ̀pọ̀ rìléè àtijọ́ ní kadmium nínú, májèlé sì ni èéfín rẹ̀. Kí wọ́n má fi iná gáàsì yọ́ ọ. Kí wọ́n gé e pẹ̀lú ewé bàbà tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì lásán lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ, níbi tí atẹ́gùn wà.

Inú àpótí keyer ni ó kàn. Bí keyer bá dákẹ́ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bátìrì ń jókòó sí. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá á ti ṣomi, omi rẹ̀ á sì ti jẹ wáyà. Ìyẹn kò nílò páàtì kankan ju wáyà tuntun lọ. Bí ó bá ń sáré tó sì ń dẹ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí fọ́lúùmù ìsáré rẹ̀, ìdọ̀tí ló wà nínú fọ́lúùmù. Ẹ fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ rédíò sí i, ẹ yí i lọ yí i bọ̀. Bí àmì bá ń jáde ní wọ́gọwọ̀gọ, kàpásítọ̀ ti gbẹ. Ooru ìlú yìí kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Èyí tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iye maikrofárádì kan náà. Fóòtì rẹ̀ lè ga ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀. Èyí tó ń ka àkókò nìkan ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn, torí bí ó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ìsáré keyer á yàtọ̀.

Àwọn tíráńsísítọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní OC71 tàbí AC128 ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti ọdún 1970 síwájú kò ní wàhálà. 2N3904 àti BC547 wà ní Alábà, wọn kò sì wọ́n. Àwọn IC onínọ́ńbà 7400, irú èyí tó wà nínú Accu-Keyer tí ìwé ìròyìn QST gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní 1973, àti àwọn CMOS bíi 4011 àti 4013, gbogbo wọn ṣì ń jáde. Ẹ má kàn dà wọ́n pọ̀: fóòtì 5 ni 7400 ń jẹ, CMOS lè gba láti 3 dé 15. Ẹni tó bá lọ sí Alábà kó ra méjì-méjì, kó sì ní kí wọ́n dán an wò lójú òun, nítorí àwọn kan ń fá nọ́ńbà IC kan kúrò, wọ́n á tẹ òmíràn lé e.

IC kan wà tó jẹ́ ọ̀tọ̀. Curtis 8044, tí wọ́n ṣe fún keyer nìkan. Gbogbo iṣẹ́ keyer ló wà nínú òun kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì fi ṣe ọkàn keyer wọn. Wọn kò ṣe é mọ́. Ìyókù tó wà láyé wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lókè òkun, dọ́là ni wọ́n ń gbà, owó ọkọ̀ òfúrufú sì wà lórí ẹ̀. Èyí nìkan ni páàtì tí Abẹ́òkúta ò ní. Kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá a kiri. Arduino kékeré kan, irú èyí tí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iná mànàmáná ní MAPOLY ní Òjeré, lè ṣe gbogbo ohun tí Curtis ń ṣe, á sì tún lé e. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní K3NG keyer wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi sínú Arduino, ẹ gbé e sínú àpótí àtijọ́, ẹ so paddle àti fọ́lúùmù àtijọ́ mọ́ ọn. Àwọn kan á ní keyer náà kì í ṣe ojúlówó mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Kíì tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju èyí tó jẹ́ ojúlówó lórí pẹpẹ lọ.

Títí di àìpẹ́, ẹni tó bá rẹ̀ ẹ́ lè sọ pé òun á kúkú ra tuntun lọ́wọ́ MFJ ní Amẹ́ríkà, torí owó wọn kì í le. Ní oṣù karùn-ún 2024, ilé iṣẹ́ náà dá iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ dúró ní Mississippi níbi tí wọ́n wà. Iye kíì àtijọ́ tó wà nílẹ̀ wá níyì sí i.

Ohun kan tó lè pa ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí rédíò tí wọ́n fẹ́ so keyer mọ́ bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo gílóòbù, iná tó wà lórí wáyà kíì lè ju fóòtì 100 lọ. 2N3904 kò lè gba ju 40 lọ. Á kú lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì rò pé keyer tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni kò dára. Ẹ fi rìléè kékeré onígíláàsì sáàárín àwọn méjèèjì. Kíì onídẹ tí kò ní ìbòrí, ẹni tó bá fọwọ́ kan irin rẹ̀ nígbà tó wà lára irú rédíò bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ kan iná yẹn. Bọ́tìnnì dúdú orí rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ gbọdọ̀ wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Láti fi rédíò sọ̀rọ̀ jáde, ìwé àṣẹ NCC pọn dandan. Láti tún kíì ṣe, kí ẹ sì máa fi kọ́ra pẹ̀lú agogo kékeré oníbátìrì nínú yàrá, ẹ ò nílò ìwé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí keyer bá ti ń sọ̀rọ̀ padà, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé e sí ọ̀rọ̀ 20, kí ẹ máa tẹ PARIS léraléra, kí ẹnìkan sì máa wo aago. Ọ̀rọ̀ PARIS ni gbogbo ayé fi ń wọn ìsáré Morse, torí àmì kúkúrú 50 gẹ́lẹ́ ló gbà, pẹ̀lú àlàfo tó tẹ̀ lé e. Bí ìṣẹ́jú kan bá pé tí PARIS náà sì pé 20, ó ti bọ́ sípò. Bí ó bá parí kí ìṣẹ́jú tó pé, kàpásítọ̀ tí ẹ fi síbẹ̀ kéré. Ẹ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba èyí tó ga díẹ̀ sí i.